Ohun tí wọn kì í bi wá ní audition

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra audition láti wọ ẹ̀ka orin ní yunifásítì tàbí ní MUSON lọ́dún yìí, ẹ jókòó ná. Èmi náà wà nínú yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù fún tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, àmọ́ mo rò pé ó máa wúlò fún wa ju fídíò "ohun márùn-ún tó yẹ kó o mọ̀" lọ.

2/ Ẹ wo ohun tí wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ wa. Orin méjì tí ìṣe wọn yàtọ̀ síra. Scale. Orin tó ò rí rí, tí wọ́n á gbé síwájú ẹ pé kó o kà á lójú ẹsẹ̀. Ìdánwò etí: wọ́n á tẹ ohùn, ìwọ á fi ẹnu dá a padà, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ìwọ náà á pa á bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè: kí ló dé tó o fẹ́ kọ́ orin?

3/ Kì í ṣe àwọn tó ń dá wa lẹ́jọ́ ló dá ètò yẹn sílẹ̀ o. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n dá Trinity College of Music sílẹ̀ ní London ní 1872. ABRSM, àwọn tó ni Grade 1 dé Grade 8 tá a máa ń fi fọ́nnu, bẹ̀rẹ̀ ní 1889. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tàn káàkiri ni ìdánwò orin ń bá a rìn, títí ó fi dé Èkó.

4/ Ìbéèrè méjì ló wá ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ múra irú ìdánwò yìí, kò sí YouTube, kò sí keyboard oníbátìrì, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní píánò. Níbo ni wọ́n ti múra? Èkejì: kí ni wọ́n gbé wọ yàrá ìdánwò tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n? Nítorí èkejì yìí ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí.

5/ Èkíní rọrùn: ṣọ́ọ̀ṣì ni. L'Ékòó àtijọ́, ibi tí dùùrù bá wà, ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ orin wà. Láàárín àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn ọ̀rúndún 19, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Robert Coker, tó ti lọ kọ́ orin ní Jámánì. Nígbà tó padà dé, wọ́n ń pè é ní Mozart ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró tì díẹ̀.

6/ Thomas King Ekundayo Phillips. Wọ́n bí i ní 1884. Ó lọ sí CMS Grammar School l'Ékòó, ó sì ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London. Ó wọ Trinity ní 1911. Ó kọ́ píánò, ó kọ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ́ fáyólìn. Ó parí ní 1914, ó sì gba ilé lọ.

7/ Lọ́dún 1914 yẹn náà ló gba iṣẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì tá a mọ̀ lónìí sí Cathedral Church of Christ, Marina. Ó di 1962 kó tó fi ipò náà sílẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀: ọdún 48! Nígbà tó kúrò, ọmọ rẹ̀, Obayomi Phillips, ló gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀.

8/ Ẹ wo àwọn tó kọrin lábẹ́ bàbá yìí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Fela Sowande. Ayo Bankole. Samuel Akpabot, ọmọ ìlú Uyo. Gbogbo wọn ló padà lọ kọ́ orin ní London. Bí ẹ bá ń wá conservatory àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ẹ má tíì lọ sí yunifásítì. Ẹ kọ́kọ́ wo orí àga àwọn akọrin ní Marina.

9/ Ọmọ tó bá wà nínú kọ́yà Áńgílíkà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe. Sáàmù, hymn, àntẹ́mù. Bí ti ọ̀sẹ̀ yìí bá tán, òmíràn ti wà nílẹ̀. Kíka orin lójú ẹsẹ̀ tó ń já èmi àti ẹ̀yin láyà yìí, fún wọn kì í ṣe ìdánwò. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbáradì ni. Nígbà tí ọmọ náà bá fi pé ogún ọdún, ó ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà orin láìmọ̀ pé òun ń múra nǹkankan.

10/ Ẹ jẹ́ ká mú Sowande. Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àlùfáà tó mọ orin ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí London ní àwọn ọdún 1930. Ẹ má rò pé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń tẹ̀ níbẹ̀ o. Jazz ló ń tẹ̀ láti fi jẹun, ó ní ẹgbẹ́ olórin tiẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gbogbo ẹ̀, ó ń kàwé.

11/ Ní 1943, ó gba FRCO, oyè tó ga jù lọ tí Royal College of Organists ń fúnni. Ìdánwò yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: orin ńláńlá, kíka orin lójú ẹsẹ̀, gbígbé orin láti key kan bọ́ sí òmíràn níwájú àwọn adájọ́, pẹ̀lú ìwé kíkọ lórí ìmọ̀ ìṣọ̀kan ohùn. Ó ṣe é, ó yege, ó tún gba ẹ̀bùn lé e.

12/ Ibi tó dùn mọ́ mi nìyí. Lẹ́yìn tó ti fi hàn pé òun mọ gbogbo tiwọn, kí ló wá gbé sórí dùùrù? Oyigiyigi. Obangiji. K'a Mura. Àwọn ohùn orin ilé wa, lórí dùùrù aláìmọye fèrè. African Suite rẹ̀ jáde ní 1944, apá kan nínú ẹ̀ tó ń jẹ́ Akinla sì di orin ìbẹ̀rẹ̀ ètò rédíò kan tó pẹ́ gan-an ní Kánádà. Ẹ tún orúkọ orin kẹta yẹn kà ná. K'á múra!

13/ Ayo Bankole. Wọ́n bí i ní 1935. Ó wọ Guildhall ní London ní 1957. Láti ibẹ̀ ó lọ sí Cambridge, ó di organ scholar ní Clare College. Òun náà gba FRCO. Ṣùgbọ́n ní 1959, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó máa bẹ̀rù olùkọ́, ó kọ Three Yoruba Songs fún ohùn àti píánò.

14/ Akin Euba, ẹgbẹ́ ẹ̀ ni, 1935 náà ni wọ́n bí i. Ó wọ Trinity ní 1952, ó jáde ní 1957. Píánò wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìwé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló padà ṣe? Ó lọ jókòó ti àwọn onílù. Iṣẹ́ tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì ilẹ̀ Gánà ní 1974 dá lórí dùndún. Ní 1990, ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí ìlù kan ṣoṣo yẹn.

15/ Fela ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí ẹ̀. 1958, wọ́n rán an lọ sí London pé kó lọ di dókítà. Trinity ló wọ̀, kàkàkí òyìnbó ló gbé dání. Àwọn ọmọ ìyá ẹ̀, Olikoye àti Beko, di dókítà lóòótọ́. Ẹ̀yin tí mọ́mì yín ṣì ń bi pé "kí lo fẹ́ fi orin jẹ?", ẹ ò dá nìkan wà. Tèmi bi mí láàárọ̀ òní.

16/ Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé Fela kàn sáré wọlé bẹ́ẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀, Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà ni, ó ká orin Yorùbá sínú àwo ní London fún Zonophone ní 1922. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé ní Abeokuta Grammar School, ń tẹ píánò, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Ìmúrasílẹ̀ Fela ti tó ìran méjì kí wọ́n tó bí i.

17/ Ṣé ẹ ti rí ohun tí mo rí? Sowande, Bankole, Euba, Fela: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló múra, ló wọlé, ló mọ ti London dáadáa. Bí wọ́n sì ṣe rí ẹsẹ̀ walẹ̀ tán ni wọ́n yíjú padà sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni nǹkan ọ̀hún?

18/ Etí ni. Etí tí èdè Yorùbá fún wọn. Ẹ rántí bí tíṣà ṣe kọ́ wa ní àmì ohùn ní pámárì: dò, re, mí. Igba, re re. Igbá, re mí. Ìgbà, dò dò. Igbà, re dò. Nọ́ńbà kan, ohun ìlò kan, àkókò kan àti okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ: ohùn ló pín wọn níyà. Ọmọ ọdún mẹ́ta l'Ógbómọ̀ṣọ́ ń ṣe ìdánwò etí lójoojúmọ́, ó sì ń yege.

19/ Ekundayo Phillips mọ èyí. Ìṣòro tó bá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ni wọ́n ń kọ sí orin Gẹ̀ẹ́sì. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, igbà á di igbá, àdúrà á di nǹkan míì lẹ́nu ẹ. Bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ní 1953, ó tẹ ìwé kan jáde, Yoruba Music, níbi tó ti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ àti orin wa ṣe so mọ́ra.

20/ Ẹ tún wo eléyìí. Dò re mí yẹn gan-an, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni sol-fa tá a mọ̀ yẹn ti wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sarah Glover ló bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀, John Curwen sì sọ ọ́ di ètò tó tàn káyé. Àwọn míṣọ́nnárì gbé e wá fún hymn. Àwa wá rí i, a ní "háà, eléyìí á wúlò fún èdè wa." A gbà á, a fi ń kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀.

21/ Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí: mo ní ọ̀rẹ́ kan. Bó bá gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan, ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn, key yòówù kó jẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn, bí ẹ̀mí bá gbé orin dé lójijì, òun ni wọ́n ń wò. Ó lọ fún audition níbì kan. Wọ́n gbé ìwé orin síwájú ẹ̀, kò lè kà á. Wọn ò gbà á. Látìgbà yẹn, bí wọ́n bá bi í, á ní "èmi ò mọ orin, mo kàn ń gbìyànjú ni."

22/ Gbólóhùn yẹn ló ń dùn mí, ju pé wọn ò gbà á lọ. Kò mọ ìwé orin kà, òótọ́ ni, ó sì yẹ kó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kò mọ orin kẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọ Àyàn látayébáyé ò mọ orin nìyẹn.

23/ Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwọn ọmọ Àyàn ṣe ń ṣe audition. Kò ní ọjọ́. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlù kékeré, kànnàngó tàbí gúdúgúdú, á máa tẹ̀ lé àwọn àgbà lọ òde. Ó lè pé ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi ìyáàlù sí i léjìká. Àwọn adájọ́ ẹ̀ ni ìyàwó tó ń jó, bàbá ìyàwó tó ń náwó, àti àgbà onílù tó kàn ń wò ó láìsọ̀rọ̀.

24/ Kíka orin lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Àlejò yọ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó tó jókòó, onílù ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, mọ ilé tó ti wá, kó sì fi ìlù ki oríkì rẹ̀ láìṣi ohùn kan. Bó bá ṣi ohùn, ìyìn lè di èébú! Ẹ wá sọ fún mi pé ìdánwò ABRSM ló le jù.

25/ Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ìlù ò ṣeé kọ sílẹ̀. Muraina Oyelami, ayàwòrán ọmọ Ìrágbìjí, tó ti bá Dúró Ládiípọ̀ ṣe tíátà, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní dùndún àti bàtá ní University of Ifẹ̀, tó di OAU lónìí. Ní 1989, ó tẹ ìwé jáde tó fi ọ̀nà tuntun kọ ìlù dùndún sórí ìwé fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Nítorí náà, ilẹ̀kùn náà ń ṣí láti apá méjèèjì.

26/ Ó yá, ká wá sọ ti wa. Ohun tí mo ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí rèé. Kíka orin: hymn kan lójúmọ́, èyí tí mi ò kọ rí. Mo máa kọ́kọ́ wo key, wo àkókò, fi ẹnu ka ìlù ẹ̀, kí n tó fọwọ́ kan nǹkan. Mo máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò sì ní dúró bí mo bá ṣi í. Kọ́yà kì í dúró de ẹnì kan, àwọn adájọ́ náà ò fẹ́ràn ìdúró.

27/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ sol-fa nìkan, ẹ má fi ṣòfò. Dò ti sol-fa kì í gbé ojú kan, ó ń tẹ̀ lé key. Ìyẹn ni pé gbígbé orin láti key kan sí òmíràn, iṣẹ́ tí wọ́n fi dán Sowande wò, ti wà lórí yín tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ sol-fa sábẹ́ àmì orí ìlà márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ pa sol-fa rẹ́, kí ojú yín lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra ẹ̀.

28/ Ìdánwò etí: ẹ mú gbólóhùn Yorùbá kan, ẹ sọ ọ́, ẹ fi ẹnu dídì kùn ún, ẹ wá a lórí keyboard. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ orúkọ ìfò tó wà láàárín ohùn kan sí èkejì: third, fourth, fifth. Etí ti gbọ́ ọ tipẹ́. Orúkọ tí àwọn adájọ́ ń pè é nìkan lẹ ń kọ́.

29/ Orin méjì. Àkọ́kọ́ mi ni Bach. Mi ò ní fi ìyẹn ṣeré, torí àwọn baba wa ò fi ṣeré. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé Yorùbá wọlé, tí scale ẹ̀ ń ṣe jágbajàgba, kò ran Yorùbá lọ́wọ́. Èkejì ni èmi àti bọ̀dá tó ń kọ́ mi ní píánò ń fà. Wọ́n ní kí n mú Clementi, pé ohun tí àwọn adájọ́ mọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

30/ Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló yẹ kó mọ Bankole bí kì í bá ṣe àwọn tó ń kọ́ èèyàn lórin ní Nàìjíríà?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó da. Ṣùgbọ́n tó o bá máa tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́ débi tí wọn ò ní lè sọ pé nítorí àánú ni wọ́n ṣe gbà ẹ́." Àdéhùn wa nìyẹn. Bankole ni èkejì mi.

31/ Nígbà tí wọ́n bá wá bi yín pé "kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ orin?", ẹ má kàn ní "mo ní passion." Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: kọ́yà, ìlù, ilé kéwú, ẹnu ìyá yín nígbà tó ń rẹ̀ yín lẹ́kún. Àwọn tí mo dárúkọ lókè ò ráyè sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú iṣẹ́ wọn. Àwa lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà.

32/ Ó tán o. Ọ̀rẹ́ mi tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn, a ti ń ka hymn pọ̀ ní àṣálẹ́ báyìí, ó máa tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ pín in dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń múra. Kí ẹ sì kọ orin kejì tiyín sí ìsàlẹ̀ ibí: mo fẹ́ mọ ohun tí kálukú ń gbé lọ. K'á múra, ẹ̀yin ènìyàn mi.